Bí a ṣe ń pàrọwà fún bàbá tí kò fẹ́ lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, láìjẹ́ kó dìjà

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dunni. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bàbá tí eyín ń dùn ni yóò fúnra rẹ̀ béèrè ọ̀nà ilé dókítà, ṣùgbọ́n ẹni tí BP rẹ̀ (ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru) ti dé 170/100 lè jẹ iyán rẹ̀ tán, kó lọ kírun, kó sì bọ̀ wá ta ayò lábẹ́ igi. Bí ọmọ bá wá ń sọ̀rọ̀ oògùn ojoojúmọ́ fún un, ohun tó máa gbọ́ ni pé ọmọ fẹ́ sọ òun di aláìsàn. Gbólóhùn kan ṣoṣo kò lè yí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́kàn padà. Ẹ máa lọ, ẹ máa bọ̀.

Lílọ-bíbọ̀ yìí ló ní ọgbọ́n nínú. Ẹni tó ń fi ohùn kan náà tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ lójoojúmọ́ kò pàrọwà, ariwo ló ń pa, etí bàbá á sì ti di sí i kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Ní ti ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, gbogbo ìgbà tó bá pa dà wá ni nǹkan kan ti yí padà: ohun tó ń béèrè ti kéré sí i, tàbí ẹni tó ń sọ ọ́ ti yàtọ̀, tàbí ìwé kan ti wà nílẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ níjọ́sí. Bàbá la fi ṣe àpẹẹrẹ. Bó bá jẹ́ ìyá yín tàbí ọkọ yín ló ń ṣorí kunkun, ọ̀nà kan náà ni.

Ìgbà tí kò sí àyè fún àrọwà

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìgbà tí ẹ kò gbọdọ̀ dúró bẹ ẹnikẹ́ni. Bí ẹnu bàbá bá ṣàdédé wọ́ sápá kan, tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan kò lágbára mọ́, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, tí àyà ń dùn ún gidi, tí kò lè mí dáadáa, tàbí tí ojú rẹ̀ ṣú lójijì, ọsibítù ni, kíákíá. Ẹ kọ aago tó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, torí wọ́n máa béèrè: ìtọ́jú rọpárọsẹ̀ kan wà tí wọn kì í sábà lè ṣe mọ́ bí wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ bá ti kọjá.

Bí ẹ̀rọ bá gbé 180/120 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìsí ìkankan nínú àmì wọ̀nyí, ẹ jẹ́ kó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bó bá ṣì wà níbẹ̀, kó rí dókítà lọ́jọ́ náà. Ẹ má fún un ní oògùn ìlọ́po méjì, ẹ má sì fi nifedipine, oògùn kan tó ń já BP wálẹ̀, sábẹ́ ahọ́n rẹ̀ bí àwọn kan ṣe máa ń ṣe. BP tó bá já wálẹ̀ lójijì lè fa rọpárọsẹ̀ tí ẹ ń sá fún gan-an.

1. Ẹ wá ìdí tó fi kọ̀

Ẹ má fi àlàyé bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: "Bàbá, kí ló wà nínú ọ̀rọ̀ oògùn yìí tí kò tẹ́ yín lọ́rùn?" Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́. Ohun tó bá kọ́kọ́ sọ kì í sábà jẹ́ ìdí ọ̀rọ̀. "Ara mi le" ló máa ń jáde lẹ́nu. Ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lè jẹ́ owó tí kò fẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé kò sí, tàbí ìbẹ̀rù pé oògùn á pa ọkùnrin òun (agbára ìbálòpọ̀ rẹ̀), tàbí ọ̀rẹ́ kan tó bẹ̀rẹ̀ oògùn tó sì kú lóṣù náà. (Ọ̀rẹ́ yẹn lè ti gbé ẹ̀jẹ̀ ríru kiri fún ogún ọdún kó tó gbé hóró àkọ́kọ́ mì, ṣùgbọ́n oògùn ni gbogbo àdúgbò rántí.)

Ó lè gba ìjókòó méjì tàbí mẹ́ta kí òótọ́ tó jáde. Àsìkò yẹn kò ṣòfò. Bí ẹ bá ń ṣàlàyé ọkàn àti kíndìnrín fún ẹni tó jẹ́ pé owó oògùn ló ń rò, ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń gbọ́ ara yín. Ẹ ṣọ́ ẹnu rẹ̀: ẹni tó bá ń béèrè "títí dìgbà wo?" sábà máa ń ṣírò owó. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ọkùnrin ń bà lẹ́rù kò ní sọ ọ́ fún ọmọbìnrin rẹ̀ láéláé, àfi kí ọkùnrin kan tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ bi í.

2. Ta ló máa sọ ọ́, níbo, nígbà wo

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, àmọ́ kì í ṣe ẹnu gbogbo èèyàn ló ń yọ ti bàbá yín. Nínú ilé kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan wà tí bàbá máa ń gbọ́ tirẹ̀: àbúrò rẹ̀, lémọ́ọ̀mù, pásítọ̀, tàbí àbígbẹ̀yìn tó fẹ́ràn jù. Lójú tiwa, ẹni tó dára jù ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ tó ti ń lo oògùn tirẹ̀. Kò gbà á nímọ̀ràn kankan. Ó kàn yọ páálí oògùn tirẹ̀ lápò, ó ní kí wọ́n fún òun lómi, ó sì gbé e mì lójú rẹ̀. Àkọ́bí ọkùnrin ló sábà máa ń burú jù fún iṣẹ́ yìí, torí ọ̀rọ̀ ta ló ni ilé ti wà láàárín òun àti bàbá tẹ́lẹ̀.

Ẹ má kó ara yín jọ. Bí ọmọ márùn-ún bá rọ̀gbà yí i ká ní pálọ̀, kóòtù ló máa rí. Á ní "rárá" lójú gbogbo yín, rárá tí àgbàlagbà bá sì sọ lójú àwùjọ, iyì rẹ̀ ni yóò máa dáàbò bò nínú rẹ̀ láti ọjọ́ náà lọ. Ẹnì kan péré, òun lórí àga rẹ̀, ẹ̀yin lórí àpótí tàbí lórí ìkúnlẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ dára, lẹ́yìn àdúrà àárọ̀ náà dára. Kì í ṣe lójú àlejò, kì í ṣe lọ́jọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jà nítorí owó. Ọjọ́ tó bá ti ìsìnkú ẹgbẹ́ rẹ̀ bọ̀ máa ń dà bí ọjọ́ tó yẹ, àmọ́ ó ń tanni jẹ: ìbẹ̀rù tètè ń gbà, ó sì tètè ń gbàgbé.

3. Ẹ béèrè apá rẹ̀, ẹ má tíì béèrè oògùn

"Bàbá, ẹ yá mi lápá yín fún ìṣẹ́jú méjì." Àgbàlagbà tó máa lé oògùn jáde kì í sábà kọ èyí, pàápàá bí ẹ bá kọ́kọ́ wọn ti ara yín, ẹ wọn ti ìyá, kó tó kan òun. Ẹ wá ẹ̀rọ tí wọ́n ń wé mọ́ òkè apá, èyí tó ń fúnra rẹ̀ wú. Èyí tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn ọwọ́ tètè máa ń ṣìnà.

Ẹ wọ̀n ọ́n dáadáa, torí nọ́ńbà tí kò tọ́ ló ń ba àrọwà jẹ́ jù. Bí ẹ̀rọ yín bá sọ 165, tí bàbá lọ sí kẹ́míìsì lọ́jọ́ kejì, tí wọ́n sọ 138 fún un, ó parí nìyẹn: ẹ̀rọ yín ń parọ́, ẹ̀yin náà sì ń parọ́. Kó má ti mu kọfí, kó má ti jẹ obì, kó má ti fa sìgá tàbí aáṣáà láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú. Obì ní kaféènì nínú bíi ti kọfí. Kó lọ tọ̀, torí ìtọ̀ tó kún máa ń gbé BP sókè. Kó jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, kó má gbé ọ̀kan lé èkejì. Apá wà lórí tábìlì, kí aṣọ ẹ̀rọ náà bá ibi ọkàn dọ́gba, lórí awọ ara ni, kì í ṣe lórí apá agbádá tí wọ́n ká sókè. Bí apá bá tóbi, ẹ ra aṣọ ẹ̀rọ tó tóbi. Èyí tó bá fún mọ́ apá jù máa ń kà á sókè. Kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ nígbà tó ń wú. Ìkìlọ̀ yìí le jù fún ọ̀pọ̀ ilé, torí àkókò yẹn gan-an ni wọ́n máa ń béèrè pé "Bàbá, báwo ló ṣe rí lára yín?"

Ẹ ka nọ́ńbà náà sókè, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ dúpẹ́, ẹ dìde. Ẹ má ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

4. Ìwé ọjọ́ méje

Ẹ fún un ní ìwé kékeré kan àti báírò. Àárọ̀ àti alẹ́ fún ọjọ́ méje, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín wọn. Bí ojú rẹ̀ bá ríran, òun fúnra rẹ̀ ni kó máa kọ ọ́. Ẹ yọ ti ọjọ́ àkọ́kọ́ kúrò, ẹ ro ìyókù pọ̀, ẹ fi iye ìgbà tó kù yẹn pín in. Nílé, 135/85 ni ààlà. Ní ọsibítù, 140/90 ni, torí ẹ̀rù dókítà nìkan lè gbé nọ́ńbà sókè.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ má sọ nǹkan kan nípa nọ́ńbà. Kò rọrùn. Àmọ́ ní ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún, ọ̀pọ̀ bàbá máa ń gbójú sókè láti inú ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ, á ní: "Ṣé eléyìí dáa báyìí?" Ìbéèrè yẹn lẹ ti ń retí. Ẹ dáhùn ní ṣókí: "Ó ga díẹ̀, bàbá. Ẹ jẹ́ ká parí ọ̀sẹ̀ yìí, ká fi han nọ́ọ̀sì." Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún tó jáde lẹ́nu yín lọ.

Bí ọjọ́ méje bá pé tí nọ́ńbà kò sì dé ààlà, ẹ gbà pé ẹ̀yin lẹ ṣì í, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Bó bá tún di ìgbà mìíràn tí ẹ ní ohun kan láti sọ, yóò rántí pé ẹ kì í fi ọ̀rọ̀ dẹ́rù bani.

5. Bó bá ní "rárá"

Ẹ ní: "Mo gbọ́, bàbá." Ẹ má jiyàn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ohun tó kéré sí i sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tó dájú: "Ẹ ṣáà jẹ́ n tún wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ Ẹtì." Ẹ dé lọ́jọ́ Ẹtì. Bí ẹ kò bá dé, ẹ ti fi hàn án pé ọ̀rọ̀ náà kò ká yín lára tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ìbéèrè wọ̀nyí bí àkàsọ̀: wíwọ̀n, kíkọ sílẹ̀, fífi ìwé han nọ́ọ̀sì tàbí apòògùn tó sún mọ́lé, rírí dókítà, lílo oògùn fún oṣù kan ká sì jókòó wo ìwé pọ̀. Bó bá kọ ìgbésẹ̀ kan lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ má fi agbára gùn ún. Ìjókòó gidi kan lọ́sẹ̀ kan tó. Láàárín méjì, ẹ má fi fídíò alárùn rọpárọsẹ̀ ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, ẹ má mí kanlẹ̀ nígbà tó bá ń bu iyọ̀. Bàbá mọ̀ pé àrọwà ni ìyẹn náà, èyí tí kò ní ọ̀wọ̀ nínú.

Ẹ má parọ́ pé oṣù kan péré ni oògùn náà. Ọjọ́ tó bá mọ̀, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ àkàsọ̀. Ẹ má fi oògùn pamọ́ sínú ọbẹ̀ tàbí ẹ̀kọ rẹ̀. Yàtọ̀ sí pé ìwà ọ̀dàlẹ̀ ni, BP rẹ̀ lè wálẹ̀ kí òòyì gbé e ṣubú nílé ìwẹ̀, dókítà kò sì ní mọ ohun tó jẹ. Oògùn ìyá kì í ṣe oògùn bàbá pẹ̀lú.

6. Ohun tí yóò sọ, àti ohun tí ẹ lè dá a lóhùn

"Béèyàn bá ti bẹ̀rẹ̀, kò lè dá a dúró mọ́." Ẹ gbà pé òótọ́ wà níbẹ̀. Àìsàn náà ni kì í lọ, kì í ṣe oògùn ló de èèyàn mọ́lẹ̀. Bó bá ń lo dígí ìkàwé, ẹ tọ́ka sí i: bó bá bọ́ ọ, ìwé á ṣú, àmọ́ dígí kọ́ ló ba ojú rẹ̀ jẹ́. Dókítà máa ń dín oògùn àwọn kan kù bí iyọ̀ bá dín tí ara sì fúyẹ́, ṣùgbọ́n ìwé ló máa sọ ìyẹn.

"Àgbo ni mò ń lo." Ẹ má bú àgbo. Bí ẹ bá bú u, ẹ ti bú bàbá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ ní kó máa mu ún bó ṣe ń mu ún, kí ẹ wọ̀n ọ́n fún ọjọ́ méje mìíràn, kí ìwé ṣe onídàájọ́. Bó bá jẹ́ ògógóró ni wọ́n fi rẹ ẹ́, ọtí náà ń gbé BP sókè. Bó bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ rọ̀ ọ́ kó sọ̀rọ̀ àgbo náà, torí òmíràn lè bá oògùn jà.

"Ó ń pa ọkùnrin." Ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ tàbí dókítà ọkùnrin ni kó dáhùn èyí. Òótọ́ ni pé oògùn kan lè dá irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, òmíràn kì í sì sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Dókítà lè pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọn kò tọ́jú náà ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ọ̀nà kan náà ni ọ̀rọ̀ ọkùnrin sì ń gbà bàjẹ́. Bàbá kan lè ti ní ìṣòro náà kó tó gbọ́ orúkọ oògùn.

"Ẹsẹ̀ mi ń wú," tàbí "ó ń mú mi húkọ́." Ẹ má jiyàn, torí òótọ́ ni. Amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, máa ń wú kókósẹ̀ àwọn kan, pàápàá bí wọ́n bá gbé e láti 5 mg sí 10 mg. Lisinopril, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn, máa ń fa ikọ́ gbígbẹ fún àwọn kan. Ọmọ tó bá ní "kò sí nǹkan tó ń ṣe yín" níbi tí ẹsẹ̀ ti wú lóòótọ́ ti ba gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ẹ mú un pa dà sọ́dọ̀ dókítà fún ìpààrọ̀, kó má kàn jáwọ́. Bó bá jẹ́ pé ètè, ahọ́n tàbí ojú ló wú lẹ́yìn lisinopril, ọsibítù ni lójú ẹsẹ̀, kó má sì lò ó mọ́.

"Ọlọ́run ló ń wò mí sàn." Ẹ jẹ́ kí lémọ́ọ̀mù tàbí pásítọ̀ bá a sọ ọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lo oògùn tiwọn. Bó bá jẹ́ ti ààwẹ̀, ẹ bi dókítà kí Ramadan tó wọlé. Èyí tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ sábà máa ń ṣeé gbé lọ sí ìgbà ìṣínu tàbí sààrì.

Ti owó: bàbá kò ní sọ ọ́, nítorí náà ẹ má dúró dè é. Ẹ béèrè oògùn olórúkọ gbogbogbòò (generic) dípò ti ilé iṣẹ́ olówó ńlá. Amlodipine wà lára àwọn tí owó wọn fúyẹ́. Ẹ san án tààrà fún ilé oògùn, kó má di pé ẹ ń ka owó lé e lọ́wọ́. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára páálí, ẹ má rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń polówó nínú mọ́tò. Àwọn ìpínlẹ̀ ní ètò ìlera adójútòfò, bíi Ìlera Èkó ní Ìpínlẹ̀ Èkó; ẹ béèrè ohun tó kárí kí ẹ tó sanwó.

7. Lẹ́yìn tó bá gbà

Níbí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń sinmi, níbí sì ni bàbá ti ń jáwọ́. Ní oṣù kejì tàbí ìkẹta, ẹ̀rọ á gbé 128/78, bàbá á ní "mo ti sàn," páálí oògùn á wọnú dúrọ́ọ̀. Ẹ sọ ọ́ fún un ṣáájú, lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀: "Bàbá, nọ́ńbà yìí máa wálẹ̀ o. Bó bá wálẹ̀, oògùn ló ń ṣiṣẹ́." Bí ẹ bá dúró dìgbà tó wálẹ̀ kẹ́ ẹ tó sọ ọ́, àwáwí ló máa dà lójú rẹ̀.

Ẹ so oògùn mọ́ ohun tó ti ń ṣe lójoojúmọ́: ìròyìn aago méje lórí rédíò, àdúrà àárọ̀, pákò. Kí oògùn wà níbi tí nǹkan náà wà, níbi tí oòrùn kò ti lè ta sí i. Bó bá gbàgbé ti àná, kó lo ti òní nìkan, kó má lo méjì pọ̀. Bó bá ku hóró méje, ẹ ra òmíràn. Ọ̀sẹ̀ tí oògùn tán tí owó kò tíì wọlé ló máa ń sọ ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta di oṣù mẹ́ta. Dókítà yẹ kó rí i lóṣooṣù títí BP yóò fi dúró síbi tó yẹ, lẹ́yìn náà ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà síra.

Bí nọ́ńbà bá tún gòkè bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń lo oògùn, ẹ wo orúnkún rẹ̀ kí ẹ tó fẹ̀sùn kàn án. Ibuprofen àti diclofenac tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ń lò fún orúnkún máa ń gbé BP sókè. Ẹ wo ìkòkò náà: Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ òòjọ́ má tó giráàmù 5, ìyẹn nǹkan bíi ṣíbí tíì kan, iyọ̀ ló sì pọ̀ jù nínú Maggi. Káún inú ewédú náà ní sódíọ́ọ̀mù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kì í pè é ní iyọ̀. Ẹ bá ẹni tó ń se oúnjẹ sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹni tó ń jẹ ẹ́, kẹ́ ẹ sì dín in díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́rin. Ọbẹ̀ tó bá ṣàdédé tẹ́ lọ́jọ́ kan á dá ìjà mìíràn sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun

Ẹ̀rọ tí ẹ fi ránṣẹ́ láìsí ẹni tó máa lò ó, orí kọ́bọ́ọ̀dù ló máa gbé. Ẹ kọ́kọ́ wá ẹnì kan nílé tó mọ̀ ọ́n wé. Ẹ wọn tiyín náà kẹ́ ẹ tó pè: ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ilé oògùn máa ń wọ̀n ọ́n lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó ti lé lógójì ọdún. "Bàbá, tèmi jẹ́ 132/84 láàárọ̀ yìí, tiyín ńkọ́?" dùn ún gbọ́ ju "ṣé ẹ ti lo oògùn?" lọ. Ọjọ́ kan náà, aago kan náà lọ́sẹ̀, kí ìyókù ìpè wà fún ọ̀rọ̀ mìíràn, kó má di pé bó bá ti rí nọ́ńbà yín lórí fóònù ló ti mọ̀ pé oògùn ni.

Bó bá jáwọ́ lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ má jẹ́ kí "mo ti wí" jáde lẹ́nu yín. Ẹ gbé ẹ̀rọ náà, ẹ wọn tiyín lójú rẹ̀, kẹ́ ẹ tún yá apá rẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì.